Orí Keje: Apá Tí A Kò Kí

"Ta ló ń bọ òkúta? Tún un sọ kí gbogbo ayé gbọ́. Ta ló ń bọ òkúta nínú wa?"

Èmi ni mò ń pariwo bẹ́ẹ̀. Iwájú Adégòròyè ni mo dúró sí, mo sún mọ́ ọn débi pé mo lè ka irun imú rẹ̀. Òun ni alábòójútó ibi ìfọ́kùúta Òkè-Ẹfun, ẹni tí Ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn pẹ̀lú bàtà dídán tí kò tíì tẹ eruku rí. Ó mú aṣọ ìnujú, ó nu itọ́ mi kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wá ní ẹni tó bá ń jí kí òkúta láràárọ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀, tí òkúta kò sì dá a lóhùn, kí ni kí òun pè é bí kò bá ṣe abọ̀kúta?

"Ìwọ yìí," ni mo ní, "o ò mọ nǹkan kan."

"Ṣé èmi lò ń pè ní ìwọ? Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mo ti dàgbà tó láti mọ ohun tó jẹ ọwọ́ àbúrò mi."

Adájọ́ Tinúadé fi ọwọ́ lu tábìlì. Obìnrin yìí kì í pariwo. Láti àárọ̀ tó ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí kò ní awakọ̀, tí wọ́n sì na àtíbàbà fún un lẹ́sẹ̀ òkè níwájú ibi iṣẹ́ wa, ohùn kan náà ló fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ka orúkọ egbòogi fún aláìsàn. Ó ní kí n padà sí ààyè mi. Ó ní kí n má gbàgbé ohun tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé? Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, bó ṣe wà lọ́rùn ọwọ́ gbogbo òṣìṣẹ́, oníṣẹ́ ọwọ́ títí dé adájọ́, láti etí òkun dé etí aṣálẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n so ó mọ́ mi lọ́wọ́, funfun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ pọ́n lọ́jọ́ tí mo sọ ní ìgbẹ́jọ́ pé ẹ̀rọ omi kan ń purọ́, ẹ̀rọ tó ní òun ń fa omi nígbà tí kànga ti gbẹ, tí aláǹgbá ń sáré kiri nínú rẹ̀. Èkejì pọ́n nítorí ilẹ̀kùn kan tó ní òun kò pa dé mọ́ ìyá arúgbó lọ́wọ́, ìyá náà sì jókòó síwájú wa níbẹ̀ pẹ̀lú ìka tó wú.

"Ọyátọ́lá," ni Adájọ́ wí, "ẹyọ kan ló kù fún ọ. Tí o bá tún ta ko ẹ̀rí ẹ̀rọ, kò sí ilé iṣẹ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò tún dá ìka rẹ mọ̀ mọ́. Má fi ìbínú gé oúnjẹ ara rẹ."

Mo ní mo gbọ́, Ìyá Adájọ́. Mo fi ìṣísẹ̀ méjì padà sẹ́yìn, n kò fi ìkẹta kún un.

Àbúrò mi Ọ̀jẹ̀díran jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ parí síbi tí aago máa ń wà. Ọwọ́ yẹn ló fi ń parí ohun tí apá irin, ẹ̀rọ tó ní òòlù lẹ́nu, bá gé kù. Bí o bá rí ewé tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta funfun ní àgbègbè wa, tí ó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lè fẹ́ ẹ lọ, òun ló gbẹ́ ẹ. Ohun kan ṣoṣo la wá gbọ́ lọ́jọ́ náà. Bí Adájọ́ bá ní ẹ̀rọ ló ṣẹ̀, Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ọwọ́ tuntun, ọwọ́ oníka márùn-ún tó lè he abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Bí ó bá ní Ọ̀jẹ̀díran ló kọjá ìlà, kò sí ọwọ́. Wọn á kọ ọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀ pé aláìgbọràn sí ẹ̀rọ ni, ìlú tó bá sì forí lé, orúkọ yẹn á ti débẹ̀ dè é.

Ẹlẹ́rìí wà lórí tábìlì Adájọ́. Àpótí dúdú kan ni, kò tóbi ju agolo bísíkíìtì lọ, ohùn ọmọge ni wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ẹ̀rọ yòówù tó wà lórí òkè wa, òun ló ń gbẹnu sọ fún un. Ó ti jẹ́rìí láàárọ̀. Ó ní lọ́jọ́ náà wọ́n pàṣẹ fún Apá Kẹrin pé kí ó nà dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún, kí ó lu òkúta. Ó nà dé mẹ́tàdínlógún, ó lu òkúta. Ìlà pupa tí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá wà ní méjìdínlógún. Ẹni tí òòlù bá bá, ó ti kọjá ìlà nìyẹn. Ó parí.

Ọ̀jẹ̀díran ní ẹ̀yìn ìlà lòun wà. Bàbá Àkàngbé tó ń darí Apá Kẹrin lọ́jọ́ náà ní òun fojú ara òun rí i lẹ́yìn ìlà. Wọ́n gbọ́n, àwọn méjèèjì ti tètè sọ ọ́ kí Ẹlẹ́rìí tó la ẹnu, ìdí nìyẹn tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn fi ṣì funfun. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ni, òfin kò kà á sí. Mo mú téèpù dání wá, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wọn ilẹ̀. Adájọ́ ní ènìyàn ló ń ka téèpù, ènìyàn a sì máa purọ́.

Ọ̀rọ̀ òkúta ló wá dá ìjà sílẹ̀. Ní igun ibi iṣẹ́ wa, òkúta kan wà tó nàró bí òpó, ó ga dé àyà ènìyàn, àwọn tó kọ́kọ́ gbé apá irin dé orí òkè yìí ló rì í mọ́lẹ̀. Láràárọ̀, kí apá kankan tó lu ohunkóhun, adarí rẹ̀ á rọra mú un lọ síbẹ̀, á fi orí òòlù kan òkúta náà pẹ́ẹ́, á ní, "Ibi a ti bẹ̀rẹ̀ nìyí." Gbogbo wa á dáhùn pé ibi a ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ ọjọ́ náà á wá bẹ̀rẹ̀. Kíkí òkúta là ń pè é, kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Adégòròyè dé, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó fòfin dè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń jó mi lára jù. Lọ́jọ́ tó fòfin dè é, a ṣe ìpàdé, a bínú, a gbé pátákó jáde. Kí la kọ sára pátákó? ÀṢÀ WA NI. Èmi gan-an ni mo fi ọ̀dà kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó béèrè ohun tí àwọn tó rì í ń wá nídìí òkúta. Adégòròyè dá wa lóhùn pé òun náà ní àṣà, ilé lòun ń fi í sí. Kí la fẹ́ rí sọ sí i? A ká pátákó wa, a gba ilé lọ.

Èmi nìyẹn o, èmi tí mò ń pe ara mi ní mẹkáníìkì. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi. Ààtàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́, níbi tí wọ́n ń da àwọn apá tó ti kú sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Ọ̀jẹ̀díran ṣì ń kérora ní ilé ìwòsàn, mo padà lọ síbẹ̀, mo tú òkú apá kan palẹ̀, inú ń bí mi débi pé eyín ni mo fi já wáyà rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ìfun ewúrẹ́. Olórí nìyí, òun ló ń pàṣẹ. Ṣùgbọ́n àṣẹ Olórí kò lágbára ju èémí lọ, kò lè mi ewé. Àpótí iná ló ń gbà á tó ń sọ ọ́ di iná tó lè gbé màlúù. Iná dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ńjìnnì, ẹ̀ńjìnnì yí. Bẹ́líìtì eléyín gba yíyí yẹn, ó gbé e lọ fún apá. Lẹ́yìn náà ni ojú: àwo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fín ìlà wẹ́wẹ́ sí yíká, tó ń ka ìlà bó ṣe ń kọjá, tó sì ń sáré padà lọ jábọ̀ fún Olórí pé ibi báyìí la dé. Bí ìjábọ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí Olórí rán, á fi iná kún un, tàbí á dín in kù, títí méjèèjì á fi bára mu. Kí o tó ṣẹ́jú, wọ́n ti rán, wọ́n ti jẹ́, wọ́n ti jábọ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún.

Mo wá wo ibi tí wọ́n de ojú náà mọ́. Mo jókòó sórí ààtàn níbẹ̀, mo bú ara mi bí ẹni bú olè.

Gbogbo èyí ló wà nínú mi lábẹ́ àtíbàbà yẹn nígbà tí Bàbá Àkàngbé dìde láti gbèjà mi. Ó ṣí fìlà. Ó ní Adájọ́, àwọn baba wa tó kí òkúta kì í ṣe wèrè. Ó ní ọmọ tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Adégòròyè ti ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Mo ní kí Bàbá jókòó. Ó ní òun kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yín ń pa wá ni." Ó jókòó, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, mo sì mọ̀ pé mo máa dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí ó tó dárí jì mí.

"Ìyá Adájọ́," ni mo ní, "n kò jiyàn. Ìbéèrè ni mo ní fún Ẹlẹ́rìí. Ṣé òfin gba ìbéèrè?"

Adájọ́ ṣí ìwé òfin wò. Ó ní òfin kò sọ pé òun kò gbà á.

"Ẹlẹ́rìí, lọ́jọ́ náà, ṣé o rí òòlù?"

"N kò rí òòlù," ni ohùn ọmọge náà dáhùn. "Mo ka ìyípo ẹ̀ńjìnnì."

"Ìlà pupa ńkọ́? Àbúrò mi ńkọ́?"

"N kò rí wọn. Ojú mi wà lẹ́yìn ẹ̀ńjìnnì. Kò sí lára apá."

"Báwo lo ṣe mọ ibi tí òòlù wà?"

"Mo fi ìyípo ṣírò rẹ̀ láti òdo."

"Ta ló fi òdo hàn ọ́?"

"Òkúta tó wà ní igun ni òdo. Bí orí òòlù bá kàn án, mo bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun."

"Ìgbà wo lo kàn án kẹ́yìn?"

"Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn."

Ariwo wẹ́wẹ́ sọ lẹ́yìn wa láàrin àwọn òṣìṣẹ́. Mo gbọ́ tí Bàbá Àkàngbé ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Òdo? Òdo ni wọ́n ń pè é?"

Adégòròyè kì í ṣe òmùgọ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó dìde, ó tọ́ kọ́là rẹ̀, ó bi Ẹlẹ́rìí bóyá ó rí àléébù kankan lára Apá Kẹrin. Ẹlẹ́rìí ní òun kò rí àléébù kankan. Adégòròyè yíjú sí Adájọ́. Ó ní bẹ́líìtì eléyín irin kì í yọ̀. Bí ó bá sì yọ̀, Ẹlẹ́rìí ì bá ti rí i. Ohun tí ẹ̀rọ kò bá rí, lójú òfin, kò ṣẹlẹ̀. Adájọ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí.

Mo gé ètè jẹ. Báwo ló ṣe fẹ́ rí i? Ìhà ẹ̀ńjìnnì ni ojú wà. Bí bẹ́líìtì bá fo eyín kan, ẹ̀ńjìnnì kò ní mọ̀, ojú kò ní mọ̀, apá nìkan ló ti lọ síwájú. Eyín kan péré níbẹ̀, ìbú ìka mẹ́rin ni lórí òòlù. Òkúta ìkíni ló ń nu ìyẹn nù láràárọ̀. Láti ìgbà tí a kò ti kí i mọ́ ni òkúta tí a ń gé ti ń jáde ní ìbú tí ẹnikẹ́ni kò rán an, Adégòròyè yìí kan náà ló sì ń dúró sórí wa tó ń pè wá ní ọ̀lẹ àti afọ́jú. Gbogbo rẹ̀ kún ẹnu mi. Èyí tí mo bá sì sọ jáde nínú rẹ̀, ìtako ni.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí apá lọ kan òkúta lẹ́ẹ̀kan. Adégòròyè fò dìde. Ó ní tó bá ti kan òkúta, kíkà á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ẹ̀rí ọjọ́ náà á sì pa rẹ́. Òótọ́ ló sọ. Adájọ́ kọ̀ fún mi.

"Ẹ má jẹ́ kí ó kan òkúta nígbà náà," ni mo ní. "Látọjọ́ ìjàǹbá, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan Apá Kẹrin, ẹ̀yin náà lẹ fi ìwé dì í. Ẹ jẹ́ kí ó kàn tún ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà ṣe. Ṣé ìyẹn náà ìtako ni?"

Adájọ́ ní kì í ṣe ìtako. Ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Adégòròyè ní ó dáa, kí wọ́n lọ yí àgbá kan wá, kí wọ́n gbé e síbi tí Ọ̀jẹ̀díran ní òun wà.

"Àgbá ṣe jẹ́?" ni mo ní. Ẹ̀rín gbé mi, ẹ̀rín burúkú. "Ẹlẹ́rìí ní òòlù kò ní kọjá mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó bá gba Ẹlẹ́rìí gbọ́ lè tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn méjìdínlógún kí ó sùn, kí ó hanrun. Lọ dúró síbẹ̀, ọ̀gá. Àbí o ò gbà á gbọ́? Wo ọrùn ọwọ́ rẹ kí o tó dáhùn."

Ó wò ó. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta funfun bí eyín ọmọ ọwọ́. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo òṣìṣẹ́ sì bá a rín in. Ọ̀jẹ̀díran fi ọwọ́ òsì tó kù fún un fa aṣọ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀."

Mo já aṣọ gbà.

Èrò mi ni pé yóò kọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ nìyẹn: kí ó kọ̀ lójú Adájọ́, kí ẹnu ara rẹ̀ mú un. Kò kọ̀. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó ká a sórí àga, ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìwò mí. Ohun tó bí mi nínú jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn: ọkùnrin yìí gba àpótí yẹn gbọ́ tọkàntọkàn. Kì í ṣe pé ó ń parọ́ mọ́ àbúrò mi. Ó ti gba ọwọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó ti sùn, ó ti jí, ó ti jẹun, ọkàn rẹ̀ sì mọ́. Ó gun orí òkúta pẹlẹbẹ tí ẹ̀jẹ̀ Ọ̀jẹ̀díran ti gbẹ sí lára, ó kọ ẹ̀yìn sí apá irin, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó dojú kọ wá.

Adájọ́ ní kí Bàbá Àkàngbé pàṣẹ. Bàbá wò mí. N kò mọ ohun tó rí lójú mi. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Àpótí iná kùn. Ẹ̀ńjìnnì gbà á. Apá Kẹrin gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà bọ̀ lókè orí ìlà, òòlù ẹnu rẹ̀ tóbi tó orí màlúù méjì. Ẹlẹ́rìí ń kà á fún wa lórí tábìlì, jẹ́jẹ́, bí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ kékeré.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìndínlógún."

Òòlù ti wà lókè ìlà pupa. Gbogbo wa la rí i. Mo yíjú wo àwọn òṣìṣẹ́. Ọkùnrin márùnlélógójì, olúkúlùkù ti fi ọwọ́ kan bo ọrùn ọwọ́ kejì. Mo wo Adájọ́. Òun náà ti rí i. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ó sì ti fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ bo ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀.

"Mẹ́tàdínlógún. Mo ti dúró."

Òjìji òòlù ti bo Adégòròyè láti orí dé èjìká. Ó rò pé ìkùukùu ni. Kò gbójú sókè. Ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Bí mo bá dákẹ́, àbúrò mi ti rí ọwọ́ gbà. Òòlù á jẹ́rìí fún un ju bí ènìyàn ṣe lè jẹ́rìí lọ, ìlẹ̀kẹ̀ mi á sì wà bó ṣe wà. Mo kórìíra ọkùnrin náà. Mo kórìíra bàtà rẹ̀, mo kórìíra ọ̀nà tó gbà ń pe orúkọ ìlú wa bí ẹni tó ń tu ìkarahun ẹyin. Mo gbọ́ tí òòlù já gbà lókè, ohùn irin tó máa ń ṣe bí ó bá fẹ́ wálẹ̀, inú sì bí mi sí ara mi ju bó ṣe bí mi sí ẹnikẹ́ni lọ.

"Ẹlẹ́rìí ń purọ́," ni mo fi gbogbo àyà mi ké. "Orí rẹ ló wà, Adégòròyè, fò."

Ìlẹ̀kẹ̀ kẹta pọ́n lọ́wọ́ mi. Adégòròyè kò wo Ẹlẹ́rìí, kò wo Adájọ́. Ó fò. Òòlù balẹ̀ sórí òkúta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ó sì là á sí méjì.